Àwọ̀ Á Lọ, Èèpo Kì Í Padà: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ohun Mímu àti Eyín Wa

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí, olùkọ́ àti ọ̀dọ́ sọ ní Kábà nínú oṣù kẹta, nígbà Ọjọ́ Ìlera Ẹnu Lágbàáyé. Àwọn tí kò ráàyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin èwe, Òkun o. Mo kí àwọn tó ti Ìyàrà wá. Mo kí àwọn tó wọ mọ́tò láti Ìsánlú àti Mọ̀pà lówùúrọ̀ yìí. Mo sì kí ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin ará Kábà, tí ẹ gbà wá lálejò.

Láti 2013 ni FDI, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn eyín lágbàáyé, ti ya 20 oṣù kẹta ọdọọdún sọ́tọ̀ fún ìlera ẹnu. Ní tiwa níhìn-ín, ọjọ́ náà máa ń bọ́ sí àsìkò kájú, tí oòrùn ń mú, tí gbogbo èèyàn sì ń wá ohun tútù mu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ohun mímu ni kí n sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́dún yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mò ń lọ kí n tó gbéra. Nínú iṣẹ́ ìtọ́jú eyín tí mò ń ṣe ní agbègbè wa yìí, lẹ́yìn eyín ríro, àwọ̀ eyín ló ń gbé èèyàn wá bá mi jù. Wọ́n á fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n á ní, "Ẹ wò ó, ó ti pọ́n. Kí ni mo lè fi pa á kó funfun?" Ìdáhùn mi kì í tètè dùn mọ́ wọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé àwọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ara eyín, a lè mú un kúrò. Èèpo eyín tí ẹ bá fi ìbínú ha dànù, kò sí dókítà tó lè mú un hù padà. Tí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun yòókù tí mo bá sọ lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Èmi kì í fojú kéré ẹni tó ń ronú nípa àwọ̀ eyín rẹ̀ o. Àwa Yorùbá ti fẹ́ràn eyín tó mọ́ tipẹ́. Ẹ wo àwọn orúkọ tí ìyàwó ilé máa ń fi pe àbúrò ọkọ: Eyínfúnjowó, Eyínmẹ́nugún. Ọmọ tí wọ́n bá ń pè bẹ́ẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín kiri gbogbo agboolé. Ẹni tí kò lè rẹ́rìn-ín láàárín ẹgbẹ́ nítorí eyín, ìyà ń jẹ ẹ́, ìyà gidi ni.

Ẹ wá jẹ́ ká wo eyín fúnra rẹ̀. Ó ní èèpo kan lóde tí àwọn dókítà ń pè ní ẹ̀námẹ́lì. Kò sí ohun tó le tó o nínú ara èèyàn. Egungun pàápàá kò tó o. Ó lé ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ tó jẹ́ èròjà líle, kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀mí nínú. Bí awọ ara bá bó, òmíràn á hù. Bí egungun bá kán, á so padà. Èèpo eyín ní tirẹ̀, bó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Abẹ́ rẹ̀ ni dẹ́ńtìn wà, àwọ̀ tirẹ̀ sì jẹ́ yẹ́lò. Èèpo òde kò dí pátápátá, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà yẹ́lò inú máa ń hàn síta díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí eyín tí Ọlọ́run dá kò fi funfun bíi ti àwọn tí ẹ ń rí nínú fóònù. Bí èèyàn sì ṣe ń dàgbà, èèpo ń fẹ́lẹ́ sí i, yẹ́lò inú á túbọ̀ hàn. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tí eyín rẹ̀ yẹ́lò díẹ̀ tó sì pé lẹ́nu, kò ní àìsàn kankan níbẹ̀.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ eyín tán, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, itọ́ á ti ta awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò ó. Ojú lásán kò lè rí i. Awọ yìí ń dáàbò bo eyín, ohun rere ni. Àmọ́ òun náà ni àwọ̀ ohun mímu ń lẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko kájú á tètè yé bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá fa omi èso kájú mu mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu: ó dùn, omi rẹ̀ pọ̀, síbẹ̀ kété tó bá wọlé, ahọ́n á fún pọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á gbẹ, bíi pé ẹnikẹ́ni kò mu omi sí ẹnu yẹn láti àárọ̀. Ohun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni èròjà kan tó ń jẹ́ tánììnì. Ó máa ń di èròjà inú itọ́ mú, ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ń gbẹ. Inú tíì dúdú ni tánììnì yìí wà. Ó wà nínú obì, ó wà nínú wáìnì pupa, ó sì wà nínú àgbo tí a fi èèpo igi sè. Bó ṣe di itọ́ mú náà ló ṣe ń di awọ ara eyín mú, tí á sì so àwọ̀ mọ́ ọn.

Ẹni tí kò bá dá a lójú, kó lọ wo inú ife tó fi ń mu Lipton nílé. Ẹ fi omi lásán ṣan án lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi ṣan án lẹ́ẹ̀kejì. Òrùka pupa yẹn á ṣì wà níbẹ̀, pàápàá níbi tí tíì dúró sí títí tó fi tutù. Kì í ṣe pé ife bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti eyín.

Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí tíì, torí òun là ń mu jù. Ọ̀pọ̀ máa ń dẹ́bi fún kọfí. Kọfí jẹ́ ọ̀kan nínú irè oko ìpínlẹ̀ Kogí wa, ó sì ń kun eyín lóòótọ́, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń mu ún lójoojúmọ́? Tíì ni tiwa. Ẹ lọ sí ìdí tábìlì mọ́láàmù onítíì ní ìdájí, kí àwọn ọlọ́kadà tó gbéra. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Á da tíì gbígbóná sínú ife kan, á tú mílíìkì agolo sí i kó ki, á gbé ife kan sókè, á fi èkejì sísàlẹ̀, á máa dà á láti ibi kan sí ìkejì, títí á fi hó fùkẹ̀. Ẹ ò ní gbà á gbọ́ tí mo bá sọ pé tíì yẹn sàn fún àwọ̀ eyín ju Lipton dúdú tí ọ̀gá kan ń mu ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mílíìkì ní èròjà kan nínú tó ń jẹ́ kéésíìnì. Èròjà yìí máa ń di tánììnì mú nínú ife níbẹ̀, kó tó dé ara eyín. Ìwọ̀n tó máa lẹ̀ mọ́ eyín á dín kù. Mílíìkì gidi ni mò ń wí o. Ṣúgà tí mọ́láàmù ń dà sí i ni ẹjọ́ tirẹ̀, ìyẹn sì kan kòkòrò eyín. Ẹ sọ fún un kó dín in kù.

Ẹ wá wo tíì àwọn tó fẹ́ fọn. Wọ́n á fi Lipton sínú omi gbígbóná, wọn ò ní fi mílíìkì, wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ọsàn yẹn á mú kí tíì náà mọ́, àwọ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀, oníṣe á rò pé kò lè kun òun léyín mọ́. Ẹ̀tàn ni. Kíkan ọsàn ń mú kí ojú èèpo eyín rọ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ti rọ̀, ó di págapàga, kò dán mọ́, àwọ̀ ohun tí èèyàn bá mu tẹ̀ lé e á sì rí ibi fẹ̀yìn tì. Bí ẹ bá fẹ́ fọn, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà. Ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún ẹja.

Mo ti dárúkọ kíkan. Òun gan-an ló ń bà mí lẹ́rù ju àwọ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó, pH ni wọ́n ń pè é. Omi tó mọ́ wà ní 7. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń wálẹ̀ ni kíkan ń pọ̀ sí i, ìpele kan sí ìkejì sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ẹnu bá ti wálẹ̀ dé nǹkan bíi 5.5, èèpo eyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ nìyẹn. Kóòkì wà ní nǹkan bíi 2.5. Sóbò kò jìnnà sí i, àgàgà èyí tí wọ́n fi ọsàn tàbí ope òyìnbó sí.

Sóbò ló wá pa méjèèjì pọ̀: àwọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì kan. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ pé kò dára. Òdòdó ìṣápá pupa ni wọ́n fi ń ṣe é, ó ń tuni lára, ọwọ́ ọ̀pọ̀ ìyá ló sì fi ń jẹun ní agbègbè yìí. Bí a ṣe ń mu ún ni mo ní ẹjọ́ sí. Ọmọ á ra sóbò inú ọ̀rá tó ti dì nínú fírísà. Á fi eyín iwájú já igun ọ̀rá, á fi ẹnu mú un, á máa fà á díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu géètì ilé ìwé títí tó fi délé. Ẹ wo ìgbà tí eyín iwájú méjèèjì ti fi ń wẹ nínú kíkan àti àwọ̀! Itọ́ ló máa ń pa kíkan nínú ẹnu, ó sì máa ń gbà á tó ààbọ̀ wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ pé ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni èèyàn ń fà á, itọ́ kò ní ráàyè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ife sóbò kan tí ẹ mu tán lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú oúnjẹ sàn ju ọ̀rá kékeré kan tí ẹ fi òwúrọ̀ gbogbo fà.

Èyí kan ẹlẹ́rìndòdò náà. Àwọ̀ Kóòkì dúdú lójú, ṣùgbọ́n kò lẹ̀ mọ́ eyín tó bí tíì ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ásíìdì rẹ̀, ìyẹn kíkan rẹ̀, àti ṣúgà rẹ̀ ni ìṣòro. Ẹ̀yin awakọ̀ tó ń gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja, ìgò aláwọ̀ pupa tí ẹ ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ jíà kí oorun má bàa kùn yín, mo mọ ìdí tí ẹ fi ń mu ún. Tí ẹ bá mu ún, ẹ gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹmu kì í kun eyín, funfun ni, àmọ́ bó bá ti kan, ó di ohun kíkan bíi ti àwọn yòókù nìyẹn. Ọtí bàbà ní àwọ̀ díẹ̀ nínú. Obì kì í ṣe ohun mímu, mi ò sì ní bá àwọn bàbá wa jà lórí rẹ̀ lónìí. Kí wọ́n ṣáà fi omi tẹ̀ lé e. Sìgá àti aṣáà, mo kórìíra wọn, ẹ jẹ́ kí n kọjá.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn aboyún gbọ́ dáadáa. Oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi tí wọ́n ń fún yín ní ọsibítù ní irin nínú, irin yìí lè mú kí eyín dúdú. Mo ti rí ìyá tó jáwọ́ nínú rẹ̀ nítorí pé eyín rẹ̀ dúdú, ọkàn mi sì bàjẹ́. Ẹ má jáwọ́ o! Ẹ̀jẹ̀ yín ṣe pàtàkì ju àwọ̀ eyín lọ, dúdú yẹn ò wọnú eyín, á kúrò. Ẹ fi sítírọ̀ fà á, kó kọjá sẹ́yìn ẹnu, ẹ fi omi ṣan ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má sì fi tíì gbé e mì, nítorí tánììnì kan náà yìí ń dí irin lọ́wọ́ láti wọ ara.

Oògùn kan tí ó yẹ kí aboyún àti ọmọdé sá fún ni tẹtirasáíkílìnì. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ bá ń lò ó, tàbí tí ìyá rẹ̀ lò ó nígbà tí oyún ti dàgbà, ó lè wọnú eyín tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lábẹ́ èrìgì, tí eyín náà á fi hù jáde pẹ̀lú ìlà eérú tàbí ìlà búráùn. Ìyẹn kì í ṣe àbàwọ́n ara eyín, inú eyín ló wà, búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé ibẹ̀. Ẹ má ra oògùn fún ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri nínú mọ́tò. Omi ìfọnu tó ní kulọhẹ́sídìnì tí dókítà máa ń fúnni fún èrìgì wíwú náà máa ń sọ eyín di búráùn, pàápàá fún ẹni tó ń mu tíì. Iye ọjọ́ tí dókítà bá ní kí ẹ lò ó ni kí ẹ lò.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ tiyín rèé. Ọmọ kan wà ní kíláàsì yín tí eyín rẹ̀ ní tóótòòtó funfun tàbí búráùn. Ẹ ti sọ fún un lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọ̀lẹ ni, kì í fọ eyín. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ yẹn máa fọ eyín jù yín lọ. Bí omi tí ọmọ ń mu nígbà tí eyín rẹ̀ ń dá lábẹ́ èrìgì bá ní fúlóráìdì púpọ̀ jù, ìyẹn èròjà kan tó ń mú eyín le bó bá wà ní ìwọ̀nba, eyín á hù jáde pẹ̀lú àwọ̀ yẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí fúlóráìdì inú omi mímu má kọjá mílígíráàmù 1.5 nínú lítà kan. Inú àwọn àpáta kan ló ti ń yọ́ wọ omi kànga àti bọ́họ̀. Eyín tó fara gbá, bíi ti ọmọ tó ṣubú níbi bọ́ọ̀lù ní ọdún tó kọjá, náà lè kú kó sì di eérú. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò nílò ìbáwí, dókítà eyín ló nílò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi eyín ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ ní iwájú bọ́ọ̀dù. Ọmọ tí a bá ti kọ́ láti pa ẹnu dé kì í dáhùn ìbéèrè mọ́.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi wá síbí ní tòótọ́. Ọmọbìnrin kan wá bá mi, ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Eyín rẹ̀ ti pọ́n díẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ha á láàárọ̀ lálẹ́. Nígbà tó yá, ó fi èédú lílọ̀ kún un, èyí tó rí nínú fóònù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ eyín náà ń dán, inú rẹ̀ dùn. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, kò lè mu omi tútù mọ́. Ó ní bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá fẹ́ sí òun lẹ́nu, ó máa ń dé orí òun. Mo ní kó la ẹnu. Ẹ̀gbẹ́ èrìgì, níbi tí èèpo ti fẹ́lẹ́ jù, ti jẹ wọnú, eyín náà sì ti wá yẹ́lò ju ti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa dẹ́ńtìn. Bó ṣe ń ha èèpo dànù, yẹ́lò inú ló ń ṣí síta. Bó sì ṣe ń rí yẹ́lò náà, bẹ́ẹ̀ ló ń túbọ̀ ha á. Ọsàn á mú kó rọ̀, iyọ̀ àti èédú á sì gbé e lọ. Àwọ̀ tíì tó ń lé, wákàtí kan ni ì bá gbà mí láti fọ̀ ọ́ kúrò.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín: ẹ fi yanrìn sílẹ̀, ẹ fi eérú sílẹ̀, ẹ fi èédú sílẹ̀, ẹ má fi ọsàn kan eyín. Ẹ má ra ìyẹ̀fun tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é lára, tí wọ́n ní á sọ eyín di funfun ní ọjọ́ mẹ́ta. Oògùn wà lóòótọ́ tí dókítà eyín máa ń lò láti mú eyín funfun, péróksáìdì ni, ṣùgbọ́n ó níye tó gbọ́dọ̀ jẹ́, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń bo èrìgì kó má bàa jó o.

Kí la wá máa ṣe? Omi ni àkọ́kọ́, kò sì náni ní nǹkan. Bí ẹ bá mu tíì tán, tí ẹ mu sóbò tán, tí ẹ jẹ obì tán, ẹ bu omi sẹ́nu, ẹ gbọ̀n ọ́n lọ gbọ̀n ọ́n bọ̀, ẹ tu ú tàbí kí ẹ gbé e mì. Àwọ̀ tí kò tíì lẹ̀ dáadáa á bá a lọ, kíkan á sì dín kù. Tó bá jẹ́ ohun tútù ni, ẹ fi sítírọ̀ mu ún. Ẹ má fi sítírọ̀ mu tíì gbígbóná, ẹ ó jóná lọ́fun.

Àṣà wa pé kí èèyàn fọ ẹnu kó tó kí ará ilé, kó tó fi nǹkan sẹ́nu, àṣà tó dára ni, ẹ dì í mú. Eyín tó ti mọ́ kí tíì tó dé, àwọ̀ kì í tètè rí ohun dì mú lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọ eyín lẹ́yìn tó mu ohun kíkan, kó dúró ó kéré tán ààbọ̀ wákàtí, kí itọ́ fi tún ojú èèpo ṣe ná. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha ohun tó rọ̀ ni.

Ti alẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa kò náání. Ìṣẹ́jú méjì, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì. Ẹ wo ara páálí rẹ̀, kí ó wà láàárín 1000 sí 1500 ppm (òṣùwọ̀n fúlóráìdì inú ọṣẹ náà nìyẹn) fún àgbàlagbà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan ti tó o. Ẹ tu ìfófó rẹ̀ dànù, ẹ má sì fi omi púpọ̀ ṣan án, kí fúlóráìdì lè dúró ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, àfi omi nìkan títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Orín ńkọ́? Mo fẹ́ràn orín. Orín àta, orín ayín, igi ewúro, gbogbo wọn ló dára tí ẹ bá mọ̀ ọ́n lò. Ẹ jẹ ẹ́ títí orí rẹ̀ á fi rọ̀ tó sì tú bí irun, ẹ fi rin eyín láti èrìgì wá sí orí rẹ̀, jẹ́jẹ́. Àwọn bàbá wa máa ń rin eyín iwájú títí tí á fi dán, tí wọ́n á gbàgbé ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn eyín iwájú ìsàlẹ̀ gan-an ni ìdọ̀tí líle ti ń gbára jọ, àwọ̀ tíì sì fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹ fi ahọ́n yín kàn án nísinsìnyí, ẹ ó mọ̀ bóyá ó rí págapàga.

Ìdọ̀tí líle yẹn, tó bá ti le, kò sí orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì tó lè mú un kúrò. Ẹ lọ sí ọsibítù kí wọ́n bá yín fọ̀ ọ́. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: "Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá fọ eyín fún ní ọsibítù, eyín rẹ̀ á máa mì." Ẹni tí eyín rẹ̀ mì lẹ́yìn tí wọ́n fọ̀ ọ́, eyín náà ti ń mì tẹ́lẹ̀, ìdọ̀tí yẹn ló jẹ èrìgì rẹ̀, òun náà ló sì di eyín kan mọ́ èkejì tí kò fi jẹ́ kí ó mọ̀. Àlàfo tí ahọ́n ń bá pàdé lẹ́yìn fífọ̀, ibi tí ìdọ̀tí jókòó sí ni. Fún ọjọ́ díẹ̀, omi tútù lè máa ta eyín. Á lọ. Àwọ̀ ọdún mẹ́wàá á ti lọ pẹ̀lú.

Àwọn èèyàn bi mí ní ìbéèrè lẹ́yìn èyí. Olùkọ́ kan béèrè bóyá tíì eléwé tútù sàn ju dúdú lọ. Ó sàn díẹ̀ ní ti àwọ̀ búráùn, ṣùgbọ́n òun náà ní tánììnì, eyín tó ń rí i lójoojúmọ́ lè di eérú díẹ̀díẹ̀. Bàbá kan béèrè nípa eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ. Mo ní kí ó máa yọ ọ́ lálẹ́, kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìwẹ̀ fọ̀ ọ́, kí ó rẹ ẹ́ sínú omi tútù, kó má fi omi gbígbóná kàn án torí á tẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta sóbò ní ẹnu géètì ilé ìwé ló béèrè kẹ́yìn. Ó ní, "Ṣé kí n má tà á mọ́ ni?" Mo ní rárá, ìyá mi, ẹ máa tà á. Ẹ dín ṣúgà rẹ̀ kù, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ọsàn yẹn kò fi nǹkan kan kún adùn rẹ̀ tí atalẹ̀ kò lè fi kún un. Ẹ ní ife díẹ̀ nílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó fẹ́ dúró mu ún níbẹ̀. Ẹ sì gbé píọ̀wọ́tà sínú kúlà kan náà, kí ọmọ tó bá ra sóbò lè rí omi tí á fi ṣan ẹnu rẹ̀ kó tó padà wọ kíláàsì.